Ẹ̀jẹ̀ Inú Ihò Imú Òsì

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ jókòó ti ìwé yìí, mo kí yín. Ẹni tó ń kà á níbi iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó ń kà á lórí ibùsùn àìsàn, ẹ kú ìrọ́jú, Olúwa yóò gbé yín dìde. Kí n tó la ẹnu sọ ìtàn, ẹ jẹ́ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó fi èémí sínú wa tí kò sì díye lé e. Ìtàn yìí, bí ẹ bá dá wà nílé, ẹ má kà á ní ọ̀sán gangan. Ẹ ó mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan wà ní ìsàlẹ̀ òpópónà tó gba iwájú ilé ẹjọ́ kọjá. Ọkùnrin mẹ́jọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ òrùlé páànù gígùn kan. Eruku igi ló jọba níbẹ̀. Ó wà lórí rédíò, ó wà lára gílóòbù iná, ó wà nínú ìpéǹpéjú àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá délé ní ìrọ̀lẹ́, ẹnu ọ̀nà ni àwọn ìyàwó wọn ti máa ń dá wọn dúró, wọ́n á ní kí wọ́n gbọn ara wọn bí ẹni ń gbọn ẹní kí wọ́n tó wọlé.

Wọn kì í bo imú níbẹ̀. Ọ̀gá Àgbà tó dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. "Ẹni tó bá bo imú fún igi," ló máa ń wí, "igi á bo ojú fún un." Kódà bí irinṣẹ́ bá gé ẹnì kan níka, wọn kì í wá oògùn lọ síbi kankan. Lẹ́búlẹ́bú igi tó kúnná jù ni wọ́n á bù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú egbò, ẹ̀jẹ̀ á sì dá. Inú eruku náà ni oúnjẹ wọn ti ń wá, inú rẹ̀ náà ni ìwòsàn wọn wà.

Àgbà òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìwọ̀n, nítorí pé ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń wọn pákó kó tó fi ayùn kàn án. Ọdún kẹrìnlélógún rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà nìyí. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Dídán, tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta. Iṣẹ́ ti Dídán ni kó fi sáńpépà yún igi títí igi á fi máa kọ mọ̀nà bí omi inú àwo. Ọkùnrin yìí kì í fi ojú mọ̀ pé iṣẹ́ ti parí. Á di ojú, á fẹ́ eruku kúrò lórí pákó, á gbé imú lé e, á fa òórùn rẹ̀ símú. "Ó ku díẹ̀," ni yóò wí. Tàbí kó rẹ́rìn-ín, kó ní, "Ó ti délé." Bó bá ti délé, kò sí oníbàárà tó máa rí i tí kò ní fi ọwọ́ pa á bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

Ìgbà kan dé tí ẹsẹ̀ Ọ̀gá Àgbà kò gbé e mọ́. Wọ́n fi àga gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù, gbogbo òṣìṣẹ́ sì pé yí i ká. Ìwọ̀n ti wọ ẹ̀wù tuntun. Ó ti há ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ sórí. Ọ̀gá Àgbà yọ kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù jáde, ọwọ́ Ìwọ̀n ti ń gbéra, ni kọ́kọ́rọ́ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ Dídán.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ti Ìwọ̀n ló ròkè jù.

Arúgbó tó ń fi ẹ̀rọ ńlá la igi, Bàbá Aláyùn, kò lè pa ẹnu mọ́. "Ìwọ̀n! O wọn pákó, o wọn ilẹ̀kùn, o ò mà wọn inú ọ̀gá wò!"

Ẹ̀rín bú. Dídán kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó tẹrí ba níwájú Ìwọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa tọ́ mi sọ́nà o. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ìfági mú."

"Ta ni n ó tún tọ́ tí kì í bá ṣe ìwọ?" ni Ìwọ̀n fi eyín dá a lóhùn.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. "Ẹ kú oríire ṣọ́ọ̀bù o, Bàbá ọmọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tiẹ̀ fẹ́ kan wọ́dúróòbù."

"Kó jẹ́ kí n wá wọn ògiri rẹ̀ lọ́la."

Obìnrin náà ń fi aṣọ nu ibi tí kò dọ̀tí. "Ẹ má bínú o. Ó ní... ó ní kí Dídán bá òun ṣe é."

Ìwọ̀n ń jẹun lọ, oúnjẹ náà kò sì ní adùn ju lẹ́búlẹ́bú igi lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bẹ̀rù ìlara. Kòkòrò inú igi ni. Òde á máa dán, wọ́n á máa fi ọ̀dà kùn ún, inú á sì ti di ìyẹ̀fun.

*

Ọkùnrin olóògùn kan wà tí kì í gba àlejò ní òru. Ọ̀sán gangan ló ń gba èèyàn, nígbà tí òjìji ẹni bá ti sá wọ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni. Bàbá Olójú-Fèrèsé-Kan ni wọ́n ń pè é. Ilé rẹ̀ wà ní ìparí òpópónà tí ọmọdé kankan kì í ṣeré níbẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí Ìwọ̀n ṣe wọlé, òtútù mú un bí ẹni tó wọ inú kànga. Kò rí ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ikọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn kan tó dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ pákó lórí sìmẹ́ńtì.

"Ṣé kó kú ni?"

"Rárá o, Bàbá! Èmi kì í pààyàn. Kó ṣáà... kó rọra padà sẹ́yìn."

"Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín máa ń wí." Ikọ́ gbé e. "Kí ló fi ń yangàn?"

"Imú rẹ̀."

Nǹkan kan ń họ ilẹ̀ lábẹ́ àga. "Imú," ni ohùn náà wí, bí ẹni ń tọ́ ọ̀rọ̀ wò lẹ́nu. "Ihò òsì ni, àbí ọ̀tún?"

"Ẹ̀... èwo ló dáa?"

"Ìwọ ni mo bi."

"Òsì," ni ẹnu Ìwọ̀n sọ. Kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá.

Ọwọ́ tútù kan fi ìdì aṣọ kékeré sí i lọ́wọ́. "Abẹ́ ibi tó ń dúró sí. Má wo ẹ̀yìn. Má fi ọwọ́ kan imú tìrẹ títí o ó fi délé."

Ní gbogbo ọ̀nà ni imú Ìwọ̀n ń yún un.

*

Ó ri ìdì náà mọ́ abẹ́ òkìtì eruku níbi tí Dídán ń dúró sí. Ní ọjọ́ kẹta, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan já bọ́ láti orí igi òrùlé, ó kú sórí tábìlì Dídán, ẹnu rẹ̀ là. Ní ọjọ́ kẹjọ, pákó pupa kan tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá bẹ̀rẹ̀ sí í sun omi pupa lójú ibi tí wọ́n gé. Bàbá Aláyùn ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Ìwọ̀n ń wọn ilẹ̀kùn kan ní ẹ̀ẹ̀mẹfà, ìwọ̀n náà kò sì bá ara mu.

Ní ọjọ́ kẹtàlá, Dídán di ojú, ó fẹ́ eruku, ó gbé imú lé pákó funfun kan. Nígbà tó gbé orí sókè, ẹ̀jẹ̀ ti kán sórí pákó náà, ó rí roboto bí òǹtẹ̀.

"Dídán!" ni Bàbá Aláyùn pariwo. "Ìgbà wo lo di ẹni tó ń kun pákó lọ́dà pupa?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dídán náà rẹ́rìn-ín. Ó bu lẹ́búlẹ́bú igi tó kúnná, ó fi aṣọ tútù dì í róbótó, ó sì ki í bọ ihò imú òsì bí wọ́n ti ń ki í bọ ojú egbò. "Ó ti dá," ló wí.

Ihò òsì. Ẹ̀rù ba Ìwọ̀n, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ sì ń dùn, kò sì mọ èyí tó ga jù nínú méjèèjì.

*

Ẹ̀jẹ̀ náà ń padà wá. Ní ìdájí ọjọ́ kan, Ìwọ̀n rí Dídán àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n ń yà sí ọ̀nà ilé Ìyá Onígò, obìnrin tó ń gbógun ti àìsàn àtọwọ́dá, èyí tí èèyàn fi ń ṣe èèyàn. Ó tẹ̀ lé wọn. Onípákó ni ilé náà. Ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi etí lé ojú ibi tí pákó ti là, èyí tí kò nira fún káfíńtà láti rí. Nínú, ìgò tó lé ní igba ló so rọ̀, afẹ́fẹ́ ìdájí sì ń fọn nínú wọn bí ẹni ń sunkún.

"Ẹnì kan ló fi rán sí ọ," ni Ìyá Onígò wí. "Aáṣáà rèé, mo ti fi nǹkan sí i. Fà á sí ihò òsì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹni tó rán an, kí oṣù mẹ́ta tó pé, ihò imú kan náà, ẹ̀jẹ̀ kan náà!"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ni Dídán wí, "ẹ má pa á o. N kò mọ ẹni tó jẹ́, ṣùgbọ́n ó lè ní ọmọ nílé."

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé gbólóhùn yìí ló bí Ìwọ̀n nínú jù? Ó ń rin ọ̀nà ilé lọ, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ó gba kọ́kọ́rọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó gba wọ́dúróòbù ilé àna mi. Ṣé inúure náà ló tún fẹ́ fi jù mí lọ?"

*

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni nọ́ọ̀sì kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nínú àwọn tí ọsibítù máa ń rán káàkiri ibi iṣẹ́. Ó sín ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó kọjá ẹnu ọ̀nà. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnìkejì.

"Ta ni ọ̀gá níbí?" ló bi Ìwọ̀n.

Dídán ti gbé ilẹ̀kùn lọ fún oníbàárà. "Èmi ni," ni Ìwọ̀n dáhùn, ó sì dùn lẹ́nu rẹ̀ bí oyin.

Nọ́ọ̀sì rí àkísà ẹlẹ́jẹ̀ lórí tábìlì. Ó mú Ìwọ̀n jáde síta, síbi tí wọ́n ń to pákó sí. "Ẹ̀jẹ̀ imú ta nìyẹn?"

"Ẹnì kan ni. Kò sí nílé."

"Ṣé ihò méjèèjì ló ń ṣe é, àbí ọ̀kan?"

"Ọ̀kan."

Ojú obìnrin náà yí padà. "Bàbá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Eruku igi líle tí èèyàn ń fà símú fún ogún ọdún lè dá jẹjẹrẹ sílẹ̀ nínú ihò imú lókè lọ́hùn-ún, níbi tí ojú kò tó. Kì í ṣe gbogbo káfíńtà ló ń mú, ìwọ̀nba ni. Sìgá àti aáṣáà máa ń bù sí i. Ihò kan á dí, á máa ṣẹ̀jẹ̀, kò ní dùn ún, torí náà kò ní kà á sí. Bí a bá rí i nígbà tó kéré, a lè gé e kúrò. Bó bá pẹ́, egungun ojú ló ń wọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan là ń wo imú; kó wá rí wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Ẹ ò ní gbàgbé?"

"N kò ní gbàgbé," ni Ìwọ̀n wí.

Òótọ́ ló sọ. Fún oṣù mẹ́ta gbáko, kò gbàgbé fún ọjọ́ kan. Ó ń rántí rẹ̀ bó bá jí. Ó ń rántí rẹ̀ bí Dídán bá kí i pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàárọ̀." Á dá a lóhùn, á sì tẹjú mọ́ pákó tó ń wọn. Oògùn tèmi ló ń ṣe é, ló máa ń wí fún ara rẹ̀, kí ni ọsibítù fẹ́ ṣe sí i? Lábẹ́ ìyẹn, ohùn mìíràn á sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé: bó bá san, kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun dé, ó kọjá. Òmíràn dé, òun náà kọjá.

*

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì Dídán bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ojú rẹ̀ apá ibẹ̀ ń tì síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ìbẹ̀rù mú lápá kan. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń jẹ búrẹ́dì, eyín òkè kan bọ́ sí i lọ́wọ́ láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ìrora. Bàbá Aláyùn pàápàá kò rí àwàdà kankan ṣe.

Aáṣáà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ó sì ti pa ìgbóòórùn tí àrùn ṣẹ́ kù sí i nímú pátápátá. Ó gbé imú lé tábìlì kan, ó ní, "Ó ti délé." Oníbàárà fi ọwọ́ pa á, ẹ̀gún igi wọ ọ́ lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ẹni mẹ́ta dá iṣẹ́ padà.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Dídán wí láti inú ẹnu tí kò ṣí tán mọ́, "ẹ bá mi di kọ́kọ́rọ́ yìí mú. Bí ara mi bá le, màá wá gbà á."

Ìwọ̀n gbà á. Ó sì ti rò pé ọjọ́ náà yóò dùn. Ó ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò, ó sì dà bíi pé ẹnì kan ń fi ìka tútù tọ́ ọ nítan.

Oṣù mẹ́ta Ìyá Onígò ku ọjọ́ méjì. Ọ̀sán gangan ni, àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ jẹun. Ìwọ̀n nìkan ló wà níwájú tábìlì Dídán, ó ń fi sáńpépà yún igi tí kò mọ̀ ọ́n yún. Ẹ̀rọ ayùn ńlá ti kú, ó sì ṣe é bíi pé ó ṣì ń dún. Nǹkan kan gbóná lórí ètè rẹ̀ òkè. Ó fi ọwọ́ nù ún.

Ẹ̀jẹ̀ ni. Ihò òsì ni.

*

Ó sáré dé ilé olójú-fèrèsé-kan láìwọ bàtà. Obìnrin kan ló ṣílẹ̀kùn, ó di apẹ̀rẹ̀ aṣọ tó fẹ́ lọ fọ̀ mọ́ ìbàdí.

"Bàbá dà? Ẹ bá mi pè é! Kó ká a padà! Kó ká a padà!"

"Bàbá ò sí nílé. Ó wà ní ọsibítù."

"Ta ló lọ wò níbẹ̀?"

"Òun ni wọ́n ń wò. Ikọ́ yìí ni. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́ nínú sìgá, ó ní àwọn ẹ̀mí tó ń bá òun ṣiṣẹ́ ló fẹ́ràn èéfín."

Ìwọ̀n di òpó mú. "Bàbá fúnra rẹ̀... ọsibítù?"

"Níbo lẹ fẹ́ kó lọ?" ni obìnrin náà wí, ó sì wo ẹ̀jẹ̀ ètè rẹ̀. "Ẹ nu imú yín, bàbá."

*

Ìyàwó Dídán ló wà nílé nígbà tí Ìwọ̀n já wọlé, ó ń fi omi nu ojú ọkọ rẹ̀. Ìwọ̀n kúnlẹ̀ sáàárín yàrá, àgbàlagbà tó ní ọmọ ọmọ.

"Èmi ni! Èmi ni mo rán an. Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo lọ gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọkọ rẹ. Mo ní kó jẹ́ ihò òsì. Ẹ wò ó, ó ti padà sí mi lára! Ẹ dárí jì mí!"

Ìyàwó Dídán fi aṣọ sínú omi, ó fún un, kò sì yára.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ìgbà wo ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ fún ọkọ mi?"

"Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn."

"Ìgbà òjò tó ṣáájú ẹ̀ẹ̀rùn yẹn ni ihò yìí ti dí. Èmi ni mo ń fọ ìrọ̀rí ẹlẹ́jẹ̀. Ó ní n kò gbọdọ̀ sọ, àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, ìka ló fi ń tẹ ihò òsì yẹn kó lè fi ọ̀tún gbóòórùn. Ẹ̀yin tí ẹ kọjú sí i lójoojúmọ́, ẹ ò rí i ni?"

Ìwọ̀n gbé ìka sí ihò òsì tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó rí i. Ó ti ń rí ìka náà lójoojúmọ́ láìmọ̀ pé òun ń rí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti wá sí i lẹ́nu nínú òkùnkùn. Ìdì aṣọ kékeré yẹn kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ni pé kò rán ohunkóhun sí ẹnikẹ́ni. Fún ìṣẹ́jú kan, ara rẹ̀ fúyẹ́.

Ìgbà náà ló rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ó lè dákẹ́. Kò sí ẹni tó mọ̀. Dídán tiẹ̀ ti na ọwọ́ sí i láti gbé e dìde. Ọwọ́ yẹn ni kò jẹ́ kó lè dákẹ́ mọ́.

"Ó ku ọ̀kan," ló wí. "Nọ́ọ̀sì kan wá. Ó ti tó oṣù mẹ́ta. Ó ní jẹjẹrẹ lè ni, pé eruku igi ló ń fà á, pé bó bá kéré, wọ́n lè gé e. Ó ní kí n sọ fún ọ. Mo rántí. Ojoojúmọ́ ni mo rántí."

Ọwọ́ Dídán dúró lófuurufú. Ìyàwó rẹ̀ mú gèlè, ó wé e, ó gbé bàtà ọkọ rẹ̀ síwájú rẹ̀. "Ẹ dìde," ló sọ fún Ìwọ̀n. "Ẹ̀yin lẹ mọ ibẹ̀. Ẹ ṣíwájú wa."

*

Dókítà ya àwòrán inú orí Dídán, ó gé díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Jẹjẹrẹ ni. Ó ti jẹ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì ti sún mọ́ ojú, ṣùgbọ́n kò tíì wọ inú ọpọlọ.

"Ì bá rọrùn ju báyìí lọ," ni dókítà wí, "bí ẹ bá ti wá ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ṣé ẹnikẹ́ni ò sọ fún yín ni?"

Ìyàwó Dídán ń wo ilẹ̀.

Wọ́n wo imú Ìwọ̀n náà. Ó gbẹ ni, ó sì là. "A ò rí jẹjẹrẹ lónìí," ni dókítà wí. "Ẹ máa bo imú, ẹ sì máa wá ká máa yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹ má ṣe bú u o, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n bí Ìwọ̀n ṣe jáde síta, ìlara ló tún mú un. Ó ń jowú ọkùnrin tó wà lórí ibùsùn. Ó fẹ́ kí wọ́n rí i lára òun, kó lè jẹ́ pé òun ti san án.

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Wọ́n gbé apá kan àjà ẹnu Dídán kúrò, wọ́n sì ṣe àwo kan bí eyín àtọwọ́dá dí ihò náà kó lè jẹun. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ìtànṣán ẹ̀rọ tó ń pa jẹjẹrẹ sí i fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìwọ̀n ń lọ sí ọsibítù lójoojúmọ́, ìyàwó Dídán sì ń gba ohun tó bá gbé wá láìwo ojú rẹ̀.

"N kò tíì dárí jì yín o, Ẹ̀gbọ́n," ló sọ fún un ní ẹnu ọ̀nà. "Ọlọ́run ń bá mi sọ ọ́. Mo ń dá A lóhùn pé ó di ọ̀la."

Dídán kò lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé: Ẹ sọ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀bù.

"Pé kí wọ́n bo imú?"

Dídán mi orí. Ó fa ìlà sábẹ́ ohun tó kọ. Lẹ́yìn náà ó fi kún un: Gbogbo rẹ̀.

*

Ìwọ̀n pa ẹ̀rọ gbogbo. Ipò tó ń wá ló wà yìí: ó dúró síbi tí àga Ọ̀gá Àgbà wà lọ́jọ́sí, ọkùnrin mẹ́fà sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó pín ìbòmú fún wọn. Ó sọ nípa eruku, ó ní láti òní lọ omi ni wọ́n á máa wọ́n kí wọ́n tó gbálẹ̀, pé kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ pákó mọ́, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fi lẹ́búlẹ́bú dí egbò.

Bàbá Aláyùn rẹ́rìn-ín. "Ìwọ̀n, ṣé o ti di nọ́ọ̀sì ni?"

Ìgbà náà ni Ìwọ̀n sọ ìyókù. Ó sọ nípa ilé olójú-fèrèsé-kan. Ó sọ nípa ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́tàlá tó jẹ́ kó kọjá. Kò wá àwáwí kankan. Ọ̀kan nínú wọn tutọ́ sílẹ̀. Òmíràn kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó jáde lọ, kò sì padà wá síbẹ̀ mọ́ láéláé.

Bàbá Aláyùn kò kúrò níbi tó wà. Ó ń yí ìbòmú tirẹ̀ po lọ́wọ́.

"Ó máa ń dùn èèyàn?" ló bi í.

"Nọ́ọ̀sì ní kì í kọ́kọ́ dùn."

"Ihò kan ṣoṣo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Arúgbó náà wo ayùn rẹ̀ tó dákẹ́. "Èmi rò pé ọjọ́ ogbó ni."

"Bàbá," ni Ìwọ̀n wí, "láti ìgbà wo?"

"Yóò ti tó oṣù kan. Ọ̀tún."

Ìwọ̀n ju kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì, ó di apá arúgbó náà mú. "Ó yá."

"Kò dọ̀la ni? Igi tí mo là dé ìdajì ńkọ́?"

"Kó wà bẹ́ẹ̀."

Wọ́n jáde sínú ọ̀sán gangan, wọ́n ń gun òkè lọ sí ọsibítù, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́yìn wọn.

Ìwọ tó bá mi dé ìparí ìtàn yìí, kí Olúwa fún ọ ní ọkàn tó lè yọ̀ fún ẹlòmíràn. Kí ẹni tó mọ ohun tí yóò gba ẹ̀mí rẹ là má ṣe rí ahọ́n gbé pamọ́ fún ọ, kí ìwọ náà má ṣe gbé tìrẹ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí àmì kan bá wà lára rẹ tí ò ń fi ẹ̀rín bò, kí Ó gbé ẹsẹ̀ rẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn nígbà tí ọ̀ràn ṣì kéré. Èémí rẹ kò ní ké mọ́ ọ nímú. Àmín.